Ẹni Tó Ń Gbé Fáìlì Kiri Ò Sí Nínú Ìgbìmọ̀

Orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó máa tún ètò ìtọ́jú aláìsàn tò, kí àwọn ọsibítù lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀, ti jáde, gbogbo wa la ti kà á. Àwọn dọ́kítà àgbà wà níbẹ̀, àwọn tó ń bójú tó owó wà níbẹ̀, àwọn oníkọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. A kà á lẹ́ẹ̀mejì, a ò rí aláìsàn kan ṣoṣo, a ò sì rí ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú ìyá tàbí ọkọ tàbí ọmọ nílé. Nígbà táwọn èèyàn béèrè ìdí ẹ̀, èsì tí wọ́n fún wọn ni pé tó bá yá àwọn á wá gbọ́ èrò aráàlú.

A ò fara mọ́ ọn. A ti sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí lọ́pọ̀ ìgbà pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ọ̀rọ̀ yẹn náà la tún ń sọ lónìí.

Ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ló ń tọ́jú màmá ẹ̀. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún tún ń dùn wọ́n, torí náà ọ̀dọ̀ dọ́kítà mẹ́ta ni wọ́n ń lọ, ọsibítù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dọ́kítà àkọ́kọ́ kọ amlodipine, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún wọn, èkejì tí ò rí nǹkan tí ẹni àkọ́kọ́ kọ tún kọ amlodipine yẹn náà, orúkọ tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fún un ló yàtọ̀, páálí ẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹsẹ̀ màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀kẹta rí ẹsẹ̀ tó wú, ló bá kọ oògùn tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ dáadáa. Bí màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jí léraléra lóru nìyẹn, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó dé ilé ìtọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọmọ wọn da gbogbo oògùn tó wà nínú náílọ́ọ̀nù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tan iná fóònù sí i, ó ń ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lára páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ kan náà lórí páálí méjì. Ó kó méjèèjì lọ bá dọ́kítà, dọ́kítà dá ọ̀kan dúró, ẹsẹ̀ ò sì wú mọ́.

Àwọn dọ́kítà yẹn mọṣẹ́ o. Kò sí èyí tí ò mọ̀ nínú wọn pé amlodipine lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú, pàápàá tó bá pọ̀ lára. Ohun tí ò hàn sí wọn ni gbogbo oògùn tó wà nínú náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, ọmọ tó ń gbé náílọ́ọ̀nù yẹn kiri nìkan ló rí i. Òun ló so ọsibítù mẹ́ta pọ̀. Kí ló dé tá a máa wá jókòó ro bá a ṣe máa so ọsibítù pọ̀ láìpe irú ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1978 ni ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tí wọ́n ṣe nílùú Alma-Ata, ní Kazakhstan, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa nínú bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìlera wọn, wọ́n tiẹ̀ pè é ní ojúṣe wọn. Ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lórí ìtọ́jú tó dá lórí èèyàn, èyí táwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2016, ohun tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ni kí wọ́n fa àwọn èèyàn wọlé kí wọ́n sì fún wọn lágbára. Ní 2023 ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ṣe àkòrí Ọjọ́ Ààbò Aláìsàn Lágbàáyé tó máa ń wáyé ní September 17. Ọdún mélòó la tún fẹ́ fi máa fọwọ́ sí ìwé?

Àwọn kan ní aláìsàn ò mọ nǹkan kan nípa ètò. Irọ́ ni! Ní England ní 2013, National Voices, ìparapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún aláìsàn, ló kọ ìtumọ̀ ìtọ́jú tó so kọ́ra tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn, gbà wọlé, "èmi" ni wọ́n sì fi kọ ọ́: pé èmi ni mo máa jọ ṣètò ìtọ́jú mi pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n á lóye èmi àti ẹni tó ń tọ́jú mi. Ẹ̀yin ẹ wo ìwé tí wọ́n fi kéde ìgbìmọ̀ tiwa, bóyá ẹ máa rí "èmi" kan níbẹ̀.

Ní ti gbígbọ́ èrò tó bá yá yẹn, Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà kan tó kọ̀wé lórí bí aráàlú ṣe ń kópa nínú ètò ìjọba, ti sọ ọ́ láti 1969, nígbà tó to kíkópa aráàlú bí àkàbà onípele 8. Gbígbọ́ èrò lásán wà ní ipele kẹrin, ó sì fi í sáàárín àwọn tó pè ní ojú ayé lásán. Ẹni tó ti gé aṣọ tán tó wá ń bi ẹ́ bó ṣe gùn sí, kí lo fẹ́ sọ fún un?

Ẹ fi aláìsàn sínú ìgbìmọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kan, kí ìbò tiwọn náà kà. Ẹ tún fàyè gba àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé lọ́tọ̀, torí nǹkan tí aláìsàn fẹ́ àti nǹkan tí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ fẹ́ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan, ọmọ lè fẹ́ kí màmá wọ ọsibítù, kí màmá fẹ́ wà nílé. Kẹ́ ẹ sì sanwó fún wọn, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ tí wọ́n pa tì, àti ti ẹni tó máa dúró ti aláìsàn tí wọ́n bá ti jáde. Mítìǹgì aago mẹ́wàá àárọ̀ ò ṣeé lọ fún ẹni tó ń wẹ̀ fún bàbá ẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Gbogbo èèyàn tó jókòó sórí àga yẹn ló ń gba owó oṣù, kí ló dé tó jẹ́ aláìsàn nìkan ló máa wá lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìgbìmọ̀ yìí ò tíì jókòó rárá. Kí wọ́n sún ìjókòó àkọ́kọ́ síwájú títí orúkọ àwọn aláìsàn àtàwọn tó ń tọ́jú wọn á fi wọnú ìwé yẹn.