Ìbò káńsù tí a ti mọ èsì rẹ̀ kí a tó dì í

Wọ́n tún ti lẹ pósítà mọ́ ògiri ilé wa láìtọrọ àyè! Ẹni tó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ ń bú sẹ́rìn-ín lára fẹ́ńsì, gọ́tà tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dí fọ́fọ́, omi dúdú ń ya wọ ẹnu ọ̀nà. Ta ló fẹ́ tàn jẹ?

Ìbò wo gan-an la fẹ́ dì? Ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 2024, PDP tó wà nípò kó gbogbo alága 33. Ní Ògùn lọ́dún kan náà, APC kó gbogbo 20. Èkó ńkọ́, ní oṣù Keje 2025? APC kó gbogbo 57! Ṣé kò sí alátakò kan ṣoṣo tó lè tún gọ́tà ṣe ni? Gómìnà ló ń yan àwọn tó ń ṣètò ìbò, ẹgbẹ́ gómìnà náà ló ń wọlé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ!

Síbẹ̀, lọ́jọ́ ìbò, wọ́n á sé títì pa, oníṣòwò ò ní rí ọjà ná. Nítorí kí ni? Ó sú mi! Ó sú mi pátápátá!