Kọ́mú Ìkarahun Yìí Ti Sú Mi

Ṣé mámíwọtà inú fíìmù kò lè wọ nǹkan mìíràn ni, àfi ìkarahun méjì láyà? Láti 1989 tí Disney ti fi elésè-àlùkò bo àyà Ariel, ọmọbìnrin mámíwọtà inú fíìmù The Little Mermaid, ni àwọn ayàwòrán ti ń da irú ẹ̀ kọ. Ẹ mú ìkarahun lọ́wọ́ ná, ẹ fọwọ́ ra etí rẹ̀, ẹ wo bó ṣe mú! Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, abíyá rẹ̀ á dégbò. Bàbá Ariel tó jọba ńkọ́? Ó ṣí àyà sílẹ̀ gbayawu. Ìpẹ́ tó bo ìrù ọmọ yìí, kí ló dé tí kò lè gòkè dé àyà? Nínú ìtàn 1837 tí Andersen, òǹkọ̀wé ará Denmark, kọ, tí Disney fi ṣe fíìmù yìí pàápàá, ìrù ni ìyá àgbà fi ìkarahun mẹ́jọ há, ọmọ náà sì ké pé ó ń dun òun!