Wọ́n Ní Ó Tà, Ṣùgbọ́n Ta Ló Rà Á?

Láti ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Ìyàwó mi ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Kinect, kámẹ́rà gèèmù kan báyìí, mọ́ nínú ilé òun, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá bá yín.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi ní Lágere ni mo wà. Ó ti gé apá ọ̀tún orí mi tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bọ́ sí apá òsì, ni wọ́n mú iná lọ. Ó ní kí n ṣe sùúrù, ó jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Ó ń fa okùn, ó ń bú u. Àwa tó jókòó sínú ilé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gèèmù. Mo wáá sọ tèmi pé nínú gbogbo ohun tí mo fowó mi rà nígbà tí mo ní ilé gèèmù, Kinect ló dùn mí jù, pé ọjà tí kò tà ni.

Ọmọkùnrin kan tó fara ti ilẹ̀kùn, akẹ́kọ̀ọ́ ni, káàdì ọgbà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Mílíọ̀nù 8 ni Kinect tà láàárín ọjọ́ 60. Ó wọ ìwé Guinness tí wọ́n ń kọ àwọn tó ta gbogbo ayé yọ sí. Tí tiyín ò bá pa owó, ẹ̀bi Kinect kọ́ nìyẹn." Ó yọ fóònù, ó gbé e síwájú ojú rẹ̀, ó ṣí, ó nà án sí mi kí n kà á. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan orí ẹ̀, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jà?

Ìgbà tí mo délé ni èsì tó yẹ kí n fọ̀ rọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ síbí.

Mi ò jiyàn iye yẹn. Ní ọjọ́ 4 oṣù November 2010 ni Microsoft gbé Kinect jáde ní Amẹ́ríkà, dọ́là 150 ó dín sẹ́ǹtì kan. Kámẹ́rà gbọọrọ kan ni, tí à ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí à ń so mọ́ Xbox 360, ẹ̀rọ gèèmù Microsoft. Kò sí pádì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ara ẹni ni pádì. Ìwé Guinness ní kò sí ẹ̀rọ ará ilé tó yá tà bíi tiẹ̀ títí di ìgbà náà, pé 133,333 ló ń lọ lójúmọ́. Ó dáa. Kí ló wà láàárín ọjọ́ 60 yẹn? Kérésì ni! Tó bá jẹ́ pé oṣù Kérésì la fi ń wọn ọjà, ta ló tún lè bá ẹni tó ń ta adìyẹ ní Ọjà Tuntun du ipò kìíní? Ẹ padà lọ bi í ní February.

Tèmi, ọdún 2012 ni mo rà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ₦32,000, owó tí mo fẹ́ fi ra tẹlifíṣọ̀n kẹrin. Ilé gèèmù mi kò tóbi: yàrá kan ni, ẹsẹ̀ bàtà 12 lóròó, tẹlifíṣọ̀n 3, bẹ́ǹṣì 3. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ wa. Ènìyàn 2 níwájú tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 10, ₦50, ẹni tó bá pàdánù ló ń sanwó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan Kinect yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní ẹ̀rọ kékeré lọ́rùn tó ń gbé orí rẹ̀. Bó ṣe rí iná báyìí, ó gbé orí sókè fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀, bí àgbà tó fẹ́ mọ ẹni tó wọlé. Àwọn ọmọdé tú jáde. Ọ̀kan nínú wọn tí kò rí ọ̀nà sá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, sà." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo rò pé mo ti là.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èrò fi kún ẹnu ọ̀nà mi. Àwọn kan tilẹ̀ ń ti Mọdákẹ́kẹ́ wá. Àmọ́ ìwòran ni wọ́n wá wò. Kinect ń fẹ́ kí ẹni kan dúró sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí i. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, ó di 8. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12. Mo ní láti kó bẹ́ǹṣì síta, mo ní láti pa tẹlifíṣọ̀n méjì, kí ẹnì kan ṣoṣo lè rí àyè ju apá. Àwọn mẹ́fà tí ì bá jókòó gbá bọ́ọ̀lù di èrò ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá sì yọjú wolé láti ẹ̀yìn, Kinect á kà á mọ́ àwọn tó ń ṣeré. Ká ṣì wà nínú eré, ẹlòmíì á kàn hù jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, ariwo á sọ: "Ẹ kúrò lẹ́yìn ẹ̀! Ẹ kúrò lẹ́yìn ẹ̀!"

Ohun tó wá pa mí gan-an nìyí, kò sì sí nínú ìwé Guinness. Tí wọ́n bá na ènìyàn nínú bọ́ọ̀lù, inú á bí i, á ní kí wọ́n tún un gbá. Ìbínú ẹni tí wọ́n nà yẹn ni oúnjẹ wa, òun ló ń jẹ́ kí ọmọ ènìyàn san ₦50 nígbà mẹ́sàn-án lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò fún ìṣẹ́jú 10 níwájú Kinect, òógùn ti bò ó, èémí ń já a, píọ̀ wọ́tà ló ń bèèrè. Á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó dùn gan-an o," á sì máa lọ. Mi ò rí ẹni tó bèèrè fún ẹ̀ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà.

Kó tó di ọdún 2013, ó ti wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ nínú ìwé àwọn tó ṣe é, ọ̀kan lára èyí tó tà ni tèmi.

Ní February 2013, Microsoft fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ti ta Xbox 360 mílíọ̀nù 76, Kinect sì jẹ́ mílíọ̀nù 24. Nínú ẹni mẹ́ta tó ní Xbox 360, nǹkan bíi méjì ò tilẹ̀ ra Kinect. Kí ni wọ́n wá ṣe? Nígbà tí Xbox One, ẹ̀rọ tó rọ́pò 360, jáde ní November ọdún yẹn, wọ́n di Kinect tuntun mọ́ ọn nínú páálí kan náà. O fẹ́ o, o kọ̀ o, wàá gbé e. Dọ́là 499, nígbà tí PlayStation 4, ẹ̀rọ gèèmù àwọn orogún wọn, jẹ́ 399.

Ẹ̀yin tí ìyá yín bá ta ọjà rí, ẹ mọ ìwà yìí. Mínírà ni màmá mi ń tà ní Sábó. Ọ̀gá tó ń já ọjà fún wọn kì í gbé èyí tó ń yá sílẹ̀ lásán. Tí wọ́n bá fẹ́ kírétì márùn-ún, wọ́n gbọ́dọ̀ kó méjì mọ́ ọn nínú aláwọ̀ ewé kan báyìí tí ajá ò ní lá. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ti oṣù tó kọjá ṣì wà nílẹ̀." Á ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Eruku á bo ìgò, oòrùn á pa àwọ̀ rẹ̀, èmi àti àbúrò mi la ó mu ún tán tipátipá. Nínú ìwé ọ̀gá yẹn, aláwọ̀ ewé ń tà wìtìwìtì ní Ifẹ̀.

Kò pé ọdún kan tí Microsoft fi tú okùn tí wọ́n fi di Kinect mọ́ Xbox One. Ní June 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Xbox One láìsí Kinect nínú rẹ̀, dọ́là 399. Nígbà tó di 2016, wọn ò tilẹ̀ fi ihò tí à ń ki okùn Kinect bọ̀ sára Xbox One S mọ́. Ní October 2017, wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 35. Ẹ̀yin kan á wá sọ pé mílíọ̀nù 35 kì í ṣe kékeré. Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre. Ẹ kọ́kọ́ yọ tàwọn tí wọ́n dì í mọ́ lọ́wọ́ kúrò, ẹ yọ tàwa tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ká wá mọ iye tó kù.

Ibi tí mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí dúró sí nìyẹn. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni màmá mi wọlé. Wọ́n bèèrè ohun tí mo ń kọ, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé jígí tí mo fi ń ju bọ́ọ̀lù yẹn?"

Mo ti gbàgbé pátápátá. Ọjọ́ Ìsinmi kan ní 2012 ni wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi gèèmù bọ́ọ̀lù yíyí sí i, èyí tí wọ́n fi ń wó igi mẹ́wàá lulẹ̀. Wọ́n tún gèlè wọn dì, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ju ọwọ́ bí ẹni ń da omi nù, gbogbo igi wó. Wọ́n bojú wẹ̀yìn wò mí: "Èmi ni mo ṣe é?" Wọ́n tún un jù. Wọ́n pe ìyá aláṣọ òdìkejì títì wá, òun náà jù ú. Ìyá mi ò di pádì mú rí láyé wọn títí di òní. Wọn ò san ₦50 fún mi náà, ká má parọ́, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ló tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ṣé mo tiẹ̀ ka wọ́n mọ́ oníbàárà tẹ́lẹ̀ ni?

Ohun kejì tó ń já mi láyà ni fóònù ọmọ ọjọ́ sí yẹn. iPhone ni. Kò tẹ nọ́ńbà kankan, ojú ló fi ṣí i. Ilé iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, PrimeSense, ló ṣe ojú tí Kinect àkọ́kọ́ fi ń ríran: ó ń da ìmọ́lẹ̀ tó-tò-tó tí a ò lè rí sára ènìyàn, ó ń fi mọ bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí. Apple, tó ń ṣe iPhone, ra ilé iṣẹ́ yẹn ní 2013. Ní oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí Microsoft pa Kinect tì ní 2017, iPhone X jáde, ó ń ta ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ tó ju 30,000 sí ojú ẹni tó mú un dání. Irú iṣẹ́ kan náà. Ta ni màá kọ èyí sí lọ́rùn nínú ìṣirò mi? Ó tà àbí kò tà?

Lánàá, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ọmọ yẹn ni, ó gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ má bínú sí tọjọ́ yẹn. Ṣé Kinect yín yẹn ṣì wà? A fẹ́ fi ṣe ojú fún rọ́bọ́ọ̀tì kan ní ẹ̀ka wa. Èló lẹ máa gbà?"

Mo ti fà á yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti nù ún. Tí mo bá pè é lówó gidi, ọmọ yẹn á ní mo ti gbà pé òun ló jàre. Tí mo bá pè é ní owó pọ́ọ́kú, mo ti fẹnu ara mi pàdánù lẹ́ẹ̀kejì. Láti àná ni mo ti ń tẹ iye, tí mo ń pa á rẹ́.