Tansíọ̀n ojú kì í ṣe orúkọ àrùn

Wọ́n tún ti sọ ọ́ fún ìyá ọlọ́mọ kan lọ́jà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́: «Màmá, tansíọ̀n ojú ọmọ yín ga, glokóòmù ni. Ẹ ra oògùn kẹ́ ẹ máa kán an sí i.» Ó ti sú wa. Tansíọ̀n ojú, agbára tí omi inú ojú fi ń tì í ni; glokóòmù, àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́ ni. Tansíọ̀n gíga, omi ló há sínú ojú. Kí ló há a? Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n wá.

Ẹ̀yìn dúdú ojú ni omi yẹn ti ń sun. Á gba ọmọlójú bọ́ síwájú, á sì gba igun tí dúdú ojú ti pàdé funfun jáde lọ. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní jẹjẹrẹ tiwọn tó ń hù lára awọ ẹ̀yìn ojú, rẹtinoblásítómà lorúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń tóbi, á máa ti ohun gbogbo síwájú títí igun yẹn á fi dí, tàbí kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ hù bò ó. Omi ò rọ́nà mọ́, nọ́ńbà tansíọ̀n á kọjá 21, ibi tí ti ojú tó dáa sábà máa ń mọ. Ẹyinjú ọmọ ọdún 2 ṣì rọ̀, á nà, á tóbi, ẹni tó ń wo ìta nìkan á sì pè é ní glokóòmù.

Ẹ wò ó dáadáa. Glokóòmù àbímọ́, iwájú ojú ló ń ṣú bíi gíláàsì tí wọ́n mí sí. Omijé á máa dà, ọmọ á máa sá fún ìmọ́lẹ̀. Funfun ti jẹjẹrẹ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú ọmọlójú, ó ń kọ mànà bí ojú ológbò lóru. Ẹ gbé ọmọ sí yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ tan fíláàṣì fóònù, ẹ ya á bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà: kó wo iwájú, ọ̀tún, òsì. Bí ọmọlójú kan bá pọ́n nínú fọ́tò tí ìkejì funfun, ẹ má sùn lé e. Kátárátì, ìyẹn gíláàsì inú ojú tó ṣú, náà lè funfun bẹ́ẹ̀, ó dáa, òun náà ò ṣeé fi sílẹ̀.

«Ṣùgbọ́n oògùn náà mú un wálẹ̀.» Á mú un wálẹ̀ ná! Timolol, oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ń dín omi tí ojú ń ṣe kù. Kò kan jẹjẹrẹ.

Iṣẹ́ abẹ ló burú jù. Ti glokóòmù, ihò ni wọ́n ń lu kí omi lè sá jáde. Bí jẹjẹrẹ bá wà ńbẹ̀, ihò kan náà ni òun á gbà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi abẹ́rẹ́ gún irú ojú bẹ́ẹ̀ láti mú ẹran ibẹ̀ yẹ̀ wò. Kí wọ́n fi oògùn ṣí ọmọlójú méjèèjì, kí wọ́n kun ọmọ náà lóorun, kí wọ́n wo awọ ẹ̀yìn ojú títí dé eteetí rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ekogiráfì, àwòrán tí wọ́n ń fi ìró yà: kálísíọ̀mù wẹ́wẹ́ sábà máa ń tàn nínú kókó jẹjẹrẹ náà. Bó bá ṣì wà nínú ojú nìkan, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yè é, bí ojú kan tilẹ̀ lọ. Bó bá gba iṣan ojú dé ọpọlọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ gbé àbúrò rẹ̀ náà wá, torí ó lè wà nínú ẹbí.

Ti àgbàlagbà, glokóòmù ló sábà máa ń jẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí oògùn ò ràn án, tí dúdú ojú ń yí àwọ̀ padà tàbí tí iṣan pupa kan wú lórí funfun, kí wọ́n wo igun ojú yẹn yíká kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ. Mẹlanómà, jẹjẹrẹ mìíràn, lè hù yí i ká bí òrùka. Kò wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú, ó kàn wà.