Ẹ má fọwọ́ lásán kan yíǹkì sóyà yẹn o

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ ń tẹ páálí, tẹ́ ẹ ń tẹ sítíkà, ẹ gbọ́ ná. Gbogbo wa la ti ń sọ ọ́ pé yíǹkì UV, èyí tí iná UV máa ń mú gan, tí wọ́n kọ "à base de soja" (sóyà ni wọ́n fi ṣe é) sára ike ẹ̀, òróró oúnjẹ ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkankan. Bùrọ̀dá kan ní Ouando tiẹ̀ ní òun lè fi dín àkàrà. Ẹ̀fẹ̀ ni tiẹ̀, àmọ́ ọmọṣẹ́ mi gbà á gbọ́, ó ń fọwọ́ lásán nu yíǹkì, kò pẹ́ àárín ìka ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Òróró sóyà lásán, tẹ́ ẹ bá tì í gba abẹ́ iná UV kọjá, òróró náà ló máa jáde lódì kejì. Kó tó lè gan, wọ́n á fi hydrogen peroxide àti áásìdì yí i padà, wọ́n á wá so acrylic acid mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ pé epo rọ̀bì ni púpọ̀ ẹ̀ ṣì ti ń wá. Ohun tó bá jáde níbẹ̀, tá à ń pè ní rẹ́síìnì, máa ń ki bí oyin, wọ́n á tún fi àwọn acrylate kéékèèké, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi acrylic acid ṣe, là á kó lè ṣeé tẹ̀, àwọn kéékèèké yìí gan-an ló ń wọ awọ ara. Ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì tí àwọn àǹtí wa fi ń ṣe èékánná, ẹ sì mọ̀ pé tí ara ẹlòmíì bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn.

Kẹ́míkà tó ń gba iná mọ́ra kí yíǹkì lè gan tún wà níbẹ̀ o. Lọ́dún 2005 ní Ítálì, wọ́n bá ọ̀kan tó ń jẹ́ ITX nínú mílíìkì ọmọ ọwọ́, láti ara yíǹkì páálí ẹ̀ ló ti wọlé. Ìyẹn ò béèrè bóyá sóyà ni wọ́n fi ṣe rẹ́síìnì.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á, èmi náà ń lò ó, epo rọ̀bì inú ẹ̀ dín kù lóòótọ́. Tó bá ti gan dénú, wàhálà ẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Èyí tó ṣì tutù ni kẹ́ ẹ sá fún, àtèyí tó jẹ́ pé òkè ẹ̀ nìkan ló gan torí pé iná ti darúgbó. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń pè ní nitrile ni kẹ́ ẹ wọ̀, tó bá kàn yín lára, ọṣẹ àtomi ni, kì í ṣe ẹ̀sáǹsì ọkọ̀.

Ọmọṣẹ́ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìdí kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí báyìí.