Adánilóró Fagbára Kọ́ni

Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi í gbọ́ ní àwọn kẹ́mísì Kubwa l'Ábújá níbí: "Ẹ bá mi gé méjì nínú oníyẹ́lò àti pupa yẹn." Tẹtirasáíkílìn, oògùn apakòkòrò, ni wọ́n ń bèèrè. Ìgbẹ́ gbuuru mú wọn láàárọ̀, wọn ò ṣàyẹ̀wò, wọn ò rí dókítà. Oníkẹ́mísì á fa àlùmọ́gàjí yọ, á gé káàdì oògùn. Déètì tí oògùn máa bàjẹ́ á sì ṣẹ́ kù sára èyí tó dá padà sínú páálí.

Adánilóró fagbára kọ́ni: ẹni tó ń fìyà jẹ ọ́ ló ń sọ ọ́ di akin. A rò pé èèyàn nìkan ni òwe yìí ń bá wí.

Ó ń bá kòkòrò àìsàn náà wí. Àwọn bakitéríà kan ní jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú ara wọn, tí wọ́n ń pè ní tetA. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan sí awọ ara wọn, tó ń ti tẹtirasáíkílìn síta bó ṣe ń wọlé. Ní 1980 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì McMurry, Levy àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn lára E. coli, bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kì í lo jíìnì yìí lójoojúmọ́, torí ó ń náni lágbára. Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná wà? Purotéènì kan, TetR, ló jókòó lé e lórí. Oògùn náà gan-an ló ń lé TetR dìde: á so mọ́ ọn, TetR á já, jíìnì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwọ̀n oògùn tí kò lè pa kòkòrò kankan ti tó láti jí i.

Ibi tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àwa náà la sì lọ fi hóró méjì kìlọ̀ fún un! Jíìnì míì tún wà, marA. Tí ìyẹn bá jí, ihò tí oògùn ń gbà wọlé á dín kù, ẹ̀rọ ìtìsíta á pọ̀ sí i. Àwọn oògùn apakòkòrò míì bí ampicillin àti chloramphenicol tí o ò fọwọ́ kàn rárá á bá a fara gbá.

Bàbá ará Kàbà kan ládùúgbò wa máa ń kó hóró tó bá ṣẹ́ kù sínú agolo. Ìyàwó ń wúkọ́, ó fún un ní ọ̀kan. Ọmọ-ọmọ fi ẹsẹ̀ gbọgbẹ́, ó tú òmíràn, ó bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. Nígbà tí ikùn ọmọ náà dàrú, ó tún fún un mu. Bàbá, tẹtirasáíkílìn lè ba àwọ̀ eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 jẹ́ títí ayé! Ó ní "mai magani", Hausa tó ń ta oògùn kiri, sọ pé kò séwu. Mai magani tó gbé bàsíà oògùn kiri oòrùn Nyanya!

Ìgbẹ́ gbuuru mú ọ? Mu omi ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ibà bá wà níbẹ̀, gbọ̀nà ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò. Oògùn tí wọ́n bá sì kọ fún ọ, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kó o lò ó, má pín in fún aládùúgbò. Má sọ pé owó àyẹ̀wò ní láàbù wọ́n. Ìwọ tó ń ra dátà láràárọ̀, ojú ò tì ọ́?