Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé kí ni òwe yìí ń wí, mẹ́sàn-án nínú wọn á ní ìwà ọmọlúàbí ni: ọmọ tí kò bá kí àgbà nínú ilé kò ní kí i ní gbangba. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì wà nínú òwe náà tí a máa ń fò kọjá. Èkíní ni "kó." Ẹni tó fẹ́ kó nǹkan jáde gbọ́dọ̀ ti ní in nílé, bó ti wù kí á tú àpótí òfìfo tó, ìlẹ̀kẹ̀ kò ní bọ́ síta níbẹ̀. Èkejì ni "ròde." Ẹ̀ṣọ́ tí kò bá rí òde, ẹrù àjà lásán ni. Èmi tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa mójú tó ilé, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé fúnra mi, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo fi ń yẹ ara mi wò. Àyẹ̀wò náà kì í dùn nígbà mìíràn.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ra pátákó ìkọ̀wé, mo ra agogo, mo lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: aago mẹ́jọ ìṣirò, aago mẹ́sàn-án ìwé kíkà, aago mẹ́wàá ẹ̀kọ́ Bíbélì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde kí agogo tó dún. Bí ọmọ ọwọ́ bá ké, inú á bí mi sí ọmọ ọwọ́, àfi bíi pé ó mọ̀ pé ìṣirò la wà. Bí mo bá rí aṣọ tí a ò tíì ká àti abọ́ tí a ò tíì fọ̀, inú á tún bí mi, nítorí iṣẹ́ ilé ti wá dà bí olè tó ń jí àkókò ẹ̀kọ́ gbé lójú mi. Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti là á sílẹ̀ tipẹ́: ẹ̀kọ́ ilé ọ̀tọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni, ipò ni wọ́n pààrọ̀. Mo sọ ilé mi di ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ilé sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ilé Ọlọ́run ni àṣírí ti tú. Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, mọ̀wé kà dáadáa, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sì ní kó bá ọmọkùnrin kékeré kan ka àkọ́sórí. Sáàmù 119, ẹsẹ 105 ni: "Ọ̀rọ̀ rẹ ni fìtílà fún ẹsẹ̀ mi." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, orí mi ń wú, mo ń retí kí ẹnì kan bi mí pé ta ló kọ́ ọmọ yìí. Ọmọkùnrin náà kà á dé "fìtílà," ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ mi gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó fi ìka gbá ojú ìwé, ó ní: "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Àbí etí ẹ di ni?"

Ohùn mi ni. Bí mo ṣe ń fa "ẹ̀ẹ̀melòó" gùn náà ló ṣe fà á, bí mo ṣe ń gbá ojú ìwé náà ló ṣe gbá a. Olùkọ́ wo ọmọ, ó wá gbójú sókè wò mí. Ẹ̀ṣọ́ tí mo dì fún un láti ilé nìyẹn, ó sì kó o ròde, kò gbàgbé ẹyọ kan.

Láti ọjọ́ náà ni Diutarónómì orí 6 ti yí padà lójú mi. Ẹsẹ 7 ni gbogbo àwa tí a ń kọ́ ọmọ nílé fẹ́ràn: pé kí á máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ àwọn ọmọ wa nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. Ẹ wo àkókò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn dáadáa. Kò sí pátákó níbẹ̀, kò sí agogo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 6 ló ṣáájú, òun ló sì le: àyà òbí ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. "Kó" inú òwe wa nìyẹn. Ìyá tí kò ní sùúrù kò lè di sùúrù sínú ẹrù ọmọ, ì báà kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà-gàdàgbà.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ibi tí ìgbàgbọ́ ọmọkùnrin náà ti ṣẹ̀ wá: ó kọ́kọ́ gbé inú Lóìsì ìyá-ìyá rẹ̀, ó gbé inú Yúníìsì ìyá rẹ̀, kó tó kan òun. Gíríìkì ni bàbá rẹ̀, nítorí náà mi ò rò pé gbogbo nǹkan rọrùn nínú ilé yẹn. Síbẹ̀ láti kékeré ló ti mọ Ìwé Mímọ́. Nígbà tó yá, Pọ́ọ̀lù mú un rìnrìn àjò, a ò sì gbọ́ pé ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìyá tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kò jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sílé, ẹ má ka èyí tán kẹ́ ẹ máa dá ara yín lẹ́bi. Kò sí ibi tí Bíbélì ti ní ẹni tó rán ọmọ lọ sílé ìwé dẹ́ṣẹ̀, inú sì máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń wàásù rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ọdún tí Jókébédì fi fún Mósè lọ́mú ló ní, owó iṣẹ́ ni ọmọbìnrin Fáráò sì ń san fún un lórí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ fún wa pé gbogbo ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì ni wọ́n kọ́ Mósè lẹ́yìn náà. Ààfin ló ti kàwé. Àmọ́ nígbà tó pé ẹni ogójì ọdún, àwọn ẹrú tó ń ru bíríkì ló jáde lọ wò, ó sì mọ̀ pé ará òun ni wọ́n.

Àpẹẹrẹ tí àwa tí a ń kọ́ ọmọ nílé máa ń tọ́ka sí jù ni Susanna Wesley, ìyá John àti Charles Wesley tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ wọn ṣẹ̀. Wọ́n bí i ní 1669, ó kú ní 1742. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló bí, mẹ́wàá péré ló dàgbà. Ilé àlùfáà ní Epworth, ní Ẹ́ńgílándì, ló ti ń kọ́ wọn, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lọ́rùn ọkọ rẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ sí John ní 1732, ó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é. Ó di ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún márùn-ún kó tó jókòó ti ìwé, aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, aago méjì sí márùn-ún, á sì ti mọ gbogbo lẹ́tà kí ọjọ́ náà tó parí. Méjì nínú wọn ló gbà tó ọjọ́ kan àtààbọ̀, ìyá wọn sì kà wọ́n sí olódo títí tó fi rí iye ọjọ́ tó ń gba ọmọ ẹlòmíràn! Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní ni wọ́n wá fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà.

Mi ò gba gbogbo rẹ̀ wọlé o. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti bí ọmọ ọdún kan ni òun ti ń kọ́ wọn láti bẹ̀rù ẹgba, kí wọ́n sì máa sunkún jẹ́jẹ́. Ìyẹn di ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mú ni pé ó ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn méjèèjì nìkan jọ sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Nígbà tó ti di géńdé tó sì ti kúrò nílé, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì máa fi ìwọ̀nba àkókò Ọjọ́bọ̀ yẹn rántí òun. Wọ́n tún máa ń sọ pé ọkọ Susanna bi í lọ́jọ́ kan bó ṣe rí sùúrù sọ ohun kan náà fún ọmọ nígbà ogún. Ó ní bí òun bá dúró síbi ìkọkàndínlógún, gbogbo làálàá òun ti já sásán. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi ń na àwọn ọmọ mi lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Ogún.

Mo pe ọmọ mi, mo tọrọ àforíjì. Àwọn kan ní àgbà kì í bẹ ọmọdé; mo ti bẹ ẹ́ o, adé kankan ò ṣí lórí mi. Mo gbé agogo pamọ́. Mo gé àkókò ẹ̀kọ́ kúrú, nítorí Charlotte Mason, olùkọ́ ará Ẹ́ńgílándì tó gbé ayé láti 1842 sí 1923, ti kọ́ àwọn òbí pé ogún ìṣẹ́jú ti tó fún ẹ̀kọ́ kan bí ọmọ bá ṣì kéré, kí á sì jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà dípò kí á máa da ìbéèrè bò ó. Ó sì ṣiṣẹ́ fún wa. Ní ti ìbínú, bó bá ti ń gùn mí, màá sọ fún wọn pé mò ń lọ mumi. Omi gidi ni mo ń mu. Nígbà tí ife bá fi tán, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á ti yàtọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin inú Òwe orí 31 tí gbogbo ènìyàn ń gbé gẹ̀gẹ̀ nítorí pé ó ń jí ní òru, ẹsẹ 26 ní òfin ìṣeun wà ní ahọ́n rẹ̀. (Ẹsẹ 15 sì sọ pé ó ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi tirẹ̀ wé tiwa.)

Iṣẹ́ ilé tí mo ń bá jà tẹ́lẹ̀ wá di ìdajì ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń wá èkejì ìbọ̀sẹ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka nǹkan ní méjì-méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń fi ìwọ̀n po ìyẹ̀fun ti mọ̀ pé àṣìṣe nínú ìṣirò ní adùn tirẹ̀ lẹ́nu. Ilé ò mọ́ tó bó ṣe máa ń mọ́ nígbà tí èmi nìkan ń ṣe é; igun yàrá tí wọ́n gbá, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò. Òwe orí 14 ní níbi tí màlúù kò bá sí, ibùjẹ á mọ́. Màlúù wà nílé tèmi.

Ó ku "ròde." Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Ìyá tó ní òun nìkan ni òun fẹ́ kọ́ ọmọ òun ní ohun gbogbo, ẹ bi í ní ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ibi tí ìmọ̀ mi bá dé òpin, mo máa ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ sì wádìí òfin ibi tí ẹ ń gbé kẹ́ ẹ tó yọ ọmọ nílé ìwé, torí ìṣe ilé kan, èèwọ̀ ibòmíràn. Ní Jámánì, dandan ni kí ọmọ lọ sílé ìwé. Àwọn òbí Kristẹni kan gbé e dé Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ilé-ẹjọ́ náà sì dá ẹjọ́ wọn nù ní 2006. Ní Ẹ́ńgílándì, òfin ẹ̀kọ́ ti 1996 gbà kí ọmọ kàwé ní ilé ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. Ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ló fàyè gbà á, àmọ́ ohun tí ìpínlẹ̀ kan ń béèrè lọ́wọ́ òbí, òmíràn kì í béèrè rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ la ń ká. Mo ti fi aṣọ ìnura kọ́ àkọ́bí mi ní ìdá: ká a lẹ́ẹ̀kan, ìdajì, ká a lẹ́ẹ̀kejì, ìdá mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kẹta, ìdá mẹ́jọ. Òun náà wá ń kọ́ àbúrò rẹ̀. Àbúrò ká a gba ẹ̀gbẹ́, ó ní ìdá mẹ́ta ni. Ẹ̀gbọ́n tú u, ó tún un ṣàlàyé. Àbúrò tún ká a gba ẹ̀gbẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ń ka á sínú: ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí ìbàdí, mo dákẹ́, mo ń wo ìbọ̀sẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó mí kanlẹ̀. Ó sọ aṣọ ìnura náà kalẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ bá mi bá a ṣe é ná," ó ní, "mò ń lọ mumi."